Ọ̀nà àbọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ mú: ìdáhùn fún ìyá tó fẹ́ mú ọmọ rẹ̀ wá wo 3SC, kílọ́ọ̀bù Shooting Stars ti Ìbàdàn, ní pápá Oníkan l'Ékòó

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Òkè-Àdó ní Ìbàdàn ni mò ń gbé. Ọmọkùnrin mi ti pé ọdún méjìlá, 3SC ló ń jẹ, 3SC ló ń mu. Bàbá rẹ̀ ló máa ń mú un lọ sí pápá wọn ní Adámásingbà kó tó di pé ó lọ sí Kánádà lọ́dún tó kọjá. Ọmọ náà wá gbọ́ pé 3SC ń bọ̀ wá bá Ìkòròdú City gbá bọ́ọ̀lù l'Ékòó, ó ní àfi kí n mú òun lọ. Èmi ò wo bọ́ọ̀lù lẹ́yìn odi Ìbàdàn rí. Àwọn aládùúgbò ń sọ pé wọ́n máa ń lu àlejò níbẹ̀. Ṣé òótọ́ ni? Ṣé kó wọ jẹ́sì rẹ̀? Ṣé a lè lọ ká sì padà lọ́jọ́ kan náà?"

Ìyá wa, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ o. Ìbéèrè mẹ́ta lẹ bi mí. Méjì àkọ́kọ́ ni gbogbo ayé máa ń bi mí, màá sì dáhùn wọn. Àmọ́ ìkẹta, ti lílọ àti bíbọ̀ lọ́jọ́ kan náà, òun ni mo fẹ́ kọ́kọ́ mú, torí òun ló máa sọ bóyá ọmọ yín á tún fẹ́ bá yín jáde, tàbí á máa fi ọjọ́ náà yọ yín lẹ́nu títí tó fi máa gbéyàwó.

Kí ẹ lè mọ ẹni tó ń bá yín sọ̀rọ̀: Làfíàjí ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ náà ni mo ṣì ń gbé. Bí mo bá sín, wọ́n lè gbọ́ ọ ní Oníkan. Ṣùgbọ́n ọmọ Bẹẹrẹ ní Ìbàdàn ni ìyá tó bí mi, àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ló sì fi ìfẹ́ kílọ́ọ̀bù yìí ràn mí nígbà tí wọ́n ṣì ń pè é ní IICC. Láti ìgbà náà, ó ti lé ní ogójì ọdún, mo ti di àlejò ní ìlú tí wọ́n bí mi sí lọ́jọ́ tí 3SC bá wá. Mo sì ti tẹ̀lé wọn lọ sí ìlú onílùú mìíràn náà, ní ìgbà tí orúnkún mi ṣì gbọ́ràn sí mi lẹ́nu. Ohun tí mo rí ni pé àwọn tó ń lọ síbi tí wọn ò mọ̀, ọ̀rọ̀ bí wọ́n ṣe máa wọlé àti ibi tí wọ́n máa jókòó sí ló máa ń gbà wọ́n lọ́kàn. Kì í sí ẹni tó ń ronú aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, láti ìgbà tí rẹfirí bá ti fọn fèrè ìkẹyìn títí di ìgbà tí èèyàn á fi ti ilẹ̀kùn ilé rẹ̀, àárín ibẹ̀ yẹn ni wàhálà ń gbé.

Ẹ jẹ́ ká jọ ṣírò rẹ̀. Ọjọ́ Àìkú ni wọ́n sábà máa ń gbá bọ́ọ̀lù líìgì wa, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Ìlàjì àkọ́kọ́, ìṣẹ́jú 45. Ìsinmi, ìṣẹ́jú 15. Ìlàjì kejì, 45 mìíràn. Kí ẹ wá fi àkókò àwọn agbábọ́ọ̀lù tó ń ṣubú lulẹ̀ bí ẹni tí ìbọn bà kún un. Aago mẹ́fà ku díẹ̀ ni fèrè ìkẹyìn máa dún. Ẹ ò ní jáde lójú ẹsẹ̀: èrò á wà lẹ́nu géètì, ọmọ á ní òun fẹ́ dúró wo àwọn agbábọ́ọ̀lù bí wọ́n ṣe ń wọ bọ́ọ̀sì wọn. Mẹ́fà ààbọ̀ ti lù nìyẹn. Ẹ fi ẹsẹ̀ rìn dé Ọbáléndé, ẹ rí mọ́tò Berger tàbí ti Ọjọ́ta, bí orí afárá Third Mainland bá sì dán, ẹ lè dé ibẹ̀ ní aago méje ààbọ̀. Mọ́tò Ìbàdàn kì í gbéra bí kò bá kún. Aago mẹ́jọ á ti kọjá kí ẹ tó bọ́ sójú ọ̀nà márosẹ̀. Aago mẹ́wàá lẹ máa dé Challenge, ìyẹn bí táyà kan ò bá fọ́, bí tírélà kan ò bá sì dùbúlẹ̀ síbì kan. Ọmọ ti sùn lé yín lẹ́sẹ̀, ọjọ́ Ajé sì ń dúró dè é níléèwé.

Ọkùnrin márùn-ún tí wọ́n jọ háyà mọ́tò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Èmi náà ti ṣe é, mi ò sì kú. Ṣùgbọ́n fún ìyá kan pẹ̀lú ọmọ kan, tí wọn ò rin irú ìrìn yìí rí, èmi ò ní gbà yín nímọ̀ràn láti gba ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn lóru. Nítorí náà, ìdáhùn mi ni rárá. Ẹ má lọ kí ẹ sì padà lọ́jọ́ kan náà.

Kí lẹ wá máa ṣe? Ẹ sun ibì kan l'Ékòó. Kò sí ọmọ Ìbàdàn tí kò ní ẹnì kan l'Ékòó: àbúrò ìyá, ẹni tí ẹ jọ kàwé, ẹni tó jẹ yín lówó. Ẹ wá onítọ̀hún rí. Bó bá jẹ́ Yábàá, Èbúté Mẹ́ta tàbí Sùúrùlérè ló ń gbé, orí yín ló ṣe é. Bó bá jẹ́ Ìkòròdú ni, ẹ ti lọ sun ilé ọ̀tá nìyẹn, àmọ́ oúnjẹ ilé ọ̀tá náà máa ń dùn. Ẹ wá ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, ẹ wo bọ́ọ̀lù ní ọjọ́ Àìkú, kí ẹ sì gba ọ̀nà Ìbàdàn láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Ẹ kọ lẹ́tà sí tíṣà rẹ̀ kí ẹ tó kúrò nílé. Mo mọ̀ pé àwọn ìyá kan ò ní fẹ́ kí ọmọ pa iléèwé jẹ nítorí bọ́ọ̀lù. Èmi ò rí ohun tó burú níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, pàápàá bí ọkọ̀ ojú irin bá wà nínú ìrìn náà.

Torí ọkọ̀ ojú irin ni mo fẹ́ kí ẹ wọ̀. Mo mọ̀ pé láti Òkè-Àdó, ìdí mọ́tò Challenge ló súnmọ́ yín jù, àti pé Mọníyà jìnnà, ẹ ó la gbogbo Ìbàdàn já kí ẹ tó débẹ̀. Àmọ́ rélùwéè tí wọ́n ṣí ní ọdún 2021 yìí ò mọ sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ, kì í sì í jà du èrò. Kìlómítà 157 ni. Ọmọ ọdún méjìlá á jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, á máa ka orúkọ àwọn ibùdókọ̀: Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Mọníyà tí ẹ ti wọlé, Ládòkè Akíntọ́lá ní Omi-Àdíò, Wọlé Ṣóyínká ní Abẹ́òkúta, Jákàńdè ní Agbádó, Fáṣọlá ní Agége. (Awólọ́wọ̀ àti Akíntọ́lá, tí wọn ò lè fojú kan ara wọn mọ́ nígbẹ̀yìn, ọkọ̀ kan náà ló ń kí wọn láàárọ̀ báyìí. Ẹ sọ ìtàn yẹn fún un, ọ̀nà á yá.) Ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì ṣáájú ọjọ́, kí ẹ sì wo àkókò ti àbọ̀ kí ẹ tó sanwó ti àlọ. Wọ́n máa ń yí i padà.

Ibi kan wà tí mo ti rí i tí àlejò ti ṣìnà, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Ibùdókọ̀ tí ẹ máa sọ̀ sí ní Alágomẹ́jì, Mobọ́lájí Johnson lorúkọ rẹ̀. Pápá ìṣeré tí ẹ ń lọ, Mobọ́lájí Johnson náà lorúkọ rẹ̀. Ọkùnrin kan náà ni, gómìnà ológun àkọ́kọ́ ní ìpínlẹ̀ Èkó, láti 1967 sí 1975. Ṣùgbọ́n ọ̀kan wà ní orí ilẹ̀, ìkejì wà ní Erékùṣù Èkó lọ́hùn-ún, ọ̀sà ló pààlà wọn. Mo ti rí ọkùnrin kan tó ń yí ọgbà rélùwéè ká tó ń béèrè géètì tí wọ́n ń gbà wọ inú pápá. Tí ẹ bá ń bá kọ́ńdọ̀ sọ̀rọ̀, "Oníkan" ni kí ẹ sọ, kí ẹ gbàgbé orúkọ tuntun yẹn. Ẹ wọ dánfó tó ń lọ sí CMS tàbí Ọbáléndé láti Yábàá. Láti ibi méjèèjì, ẹsẹ̀ lẹ máa fi rìn, kò jìnnà. Kí ẹ di fóònù yín mú dáadáa ní Ọbáléndé. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín sórí ọ̀kadà, wọ́n ti fòfin dè é ní àgbègbè wa láti oṣù Kẹfà ọdún 2022, bí ọlọ́pàá bá sì mú un, ẹni tó gùn ún lẹ́yìn náà wọ gàù.

Ohun mìíràn tí ó yẹ kí n ti sọ ṣáájú: ẹ rí i dájú pé bọ́ọ̀lù náà wà. Líìgì wa máa ń sún ọjọ́ síwájú sẹ́yìn, wọ́n sì lè ní kí kílọ́ọ̀bù kan gbá bọ́ọ̀lù láìsí èrò ìwòran nítorí ìwà àwọn alátìlẹ́yìn rẹ̀. Ẹ yẹ ojú ìwé kílọ́ọ̀bù méjèèjì wò ní ọjọ́ méjì ṣáájú, kí ẹ tún yẹ̀ ẹ́ wò láàárọ̀ ọjọ́ náà.

Ó dáa, ẹ ti dé. Bí ẹ bá dé Oníkan ní aago méjìlá, ẹ ò pẹ́, ẹ ò sì yá jù. Àwọn kan máa ń fi gbogbo àkókò yẹn jókòó sí ìdí géètì nínú oòrùn. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé ti ìjọba àpapọ̀ tó ti wà níbẹ̀ láti 1957 ò ju ìrìn ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ; ẹ pè wọ́n kí ẹ mọ àkókò tí wọ́n ń ṣílẹ̀kùn ní ọjọ́ Àìkú. Mọ́tò tí wọ́n yìnbọn pa Murtala Muhammed sí nínú oṣù Kejì ọdún 1976 wà níbẹ̀, ihò ọta náà sì wà lára rẹ̀. Kò sí ọmọkùnrin tí mo mú débẹ̀ tí kò ka ihò wọ̀nyẹn. Lẹ́yìn tó bá kà á tán, kí ẹ wá sọ fún un pé ọdún 1976 yẹn kan náà ni kílọ́ọ̀bù rẹ̀ gba ife Cup Winners' Cup, ife ilẹ̀ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí kílọ́ọ̀bù kankan gbà wálé sí Nàìjíríà. Mẹ́rin sí ẹyọ kan ni wọ́n fi na Tonnerre ti Yaoundé ní Ìbàdàn; ẹyọ kan sí òdo tí wọ́n jẹ ní Kamẹrúùnù lẹ́yìn náà ò lè gba ife náà lọ́wọ́ wọn mọ́.

Bí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé bá tì, ilé John Randle tuntun wà nítòsí, èyí tí wọ́n kọ́ fún àṣà àti ìtàn Yorùbá. Ibẹ̀ ni odò ìlúwẹ̀ẹ́ àtijọ́ wà, tí Dókítà John Randle fi owó ara rẹ̀ gbẹ́ ní 1928 kí àwọn ọmọ Èkó lè rí ibi kọ́ ìlúwẹ̀ẹ́. Ẹ jẹun kí ẹ tó wọlé. Bọ̀ọ̀lì pẹ̀lú ẹ̀pà ni tèmi. Ẹ má gbé omi oníke wọlé o, wọ́n á gbà á lẹ́nu géètì; píọ̀ wọ́tà ló dára jù, ẹ ra méjì-mẹ́ta. Kí ẹ kọ nọ́ńbà fóònù yín sínú ìwé kékeré kí ẹ fi sápò ṣòkòtò ọmọ. Kí ẹ sì mú un lọ tọ̀ ṣáájú, torí mi ò ní bá yín sọ nǹkankan nípa ilé ìgbọ̀nsẹ̀ pápá ìṣeré.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ̀rọ̀ lílù. Mi ò ní parọ́ fún yín: nínú líìgì wa, ó ti ṣẹlẹ̀ rí, ní ibi púpọ̀. Rẹfirí ló máa ń kọ́kọ́ jẹ ìyà níbẹ̀, lẹ́yìn náà àwọn agbábọ́ọ̀lù àlejò, kó tó wá kan àwọn bíi tiwa. Àwọn pápá kan wà tí mo mọ̀, mi ò ní ní kí ẹ mú ọmọ lọ síbẹ̀ láéláé. Àmọ́ Oníkan ò sí lára wọn. Láti ìgbà tí wọ́n ti tún un kọ́, èébú ni mo ń gbọ́ níbẹ̀, ojúlówó èébú Èkó, àmọ́ mi ò tíì rí ìjà tó kan èmi. Ẹ ó rí ìyàwó ilé, ẹ ó rí ọmọ kéékèèké, ẹ ó rí àwọn ọ̀dọ́ tó wá ya fọ́tò. Pápá náà kéré, nǹkan bí èrò 10,000 ló lè gbà. Èèyàn fẹ́rẹ̀ẹ́ lè rí ojú ara wọn láti òdì kejì.

Ìdí kan tún wà tí àwọn èèyàn kì í fi bẹ́ẹ̀ ronú sí. Ìkòròdú City kì í ṣe ọmọ Oníkan. Láti ìgbà tí wọ́n ti gòkè wá sínú líìgì àgbà ní 2024 ni wọ́n ti ń gba àlejò níbẹ̀, àmọ́ àwọn alátìlẹ́yìn wọn, láti Ìkòròdú ni wọ́n ti ń wọ mọ́tò wá, wọ́n ti gba Mile 12 àti Kétu kọjá, ọ̀nà ti lù wọ́n. Kò sí ilé bàbá wọn ní Oníkan. Bí pápá yẹn bá ní onílé, àwọn Stationery Stores ni, kílọ́ọ̀bù Israel Adébájọ̀, tí àwọn ọmọ ìyá mi kan ṣì ń dárò títí di òní. Àwọn àgbà Làfíàjí tí wọ́n ń kígbe "Up Super!" láyé ìgbà náà, ẹ ṣì máa rí wọn lórí ìjókòó, tí wọ́n ń wo Ìkòròdú àti 3SC pẹ̀lú ojú ẹni tí ayálégbé méjì ń jà nínú ilé rẹ̀. Nígbà tí àlejò bá bá àlejò pàdé, ìjà kì í fi bẹ́ẹ̀ gbóná.

Nípa jẹ́sì: kó wọ̀ ọ́, kó sì wọ ẹ̀wù mìíràn lé e. Lójú ọ̀nà, nínú dánfó, ní Ọbáléndé, ẹ̀wù òkè ni kí ayé máa wò. Tí ẹ bá ti jókòó sí àárín àwọn tiwa, kó bọ́ èyí tó wà lókè. Kí fèrè ìkẹyìn tó dún, bó kù ìṣẹ́jú márùn-ún, kó tún fi bò ó. Ọmọ á bínú, á ní ẹ̀rù ń bà yín. Ẹ sọ fún un pé gbogbo arìnrìn-àjò 3SC ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ìtìjú.

Èyí tó ṣe pàtàkì ju jẹ́sì lọ ni ibi tí ẹ jókòó sí. Ìtàn tèmi rèé. Ìlú kan wà tí mi ò ní dárúkọ rẹ̀, mo wà ní ọmọ ogún ọdún ó lé díẹ̀, mo pẹ́ dé, mo sì jókòó síbi tí mo rí. Ẹ̀wù lásán ni mo wọ̀, kò sẹ́ni tó mọ̀ mí. Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá kó parí, àwọn tiwa gbá góòlù wọlé, kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe, mo ti fò sókè, mo nawọ́ méjèèjì, mo ń pariwo. Èmi nìkan. Gbogbo ìjókòó yẹn dákẹ́ bí ilé òkú, èmi nìkan ni mo wà ní ìdúró. Ọkùnrin kan bẹ̀rẹ̀ sí í tú sáàtì rẹ̀. Ìyá ẹlẹ́pà kan tó ń kọjá láàrin ìlà ló fa ẹ̀wù mi nílẹ̀, ó fi mí jókòó, ó wá ń fi pijin bẹ àwọn yòókù pé kí wọ́n má dá mi lóhùn, pé orí mi ò pé, pé òun mọ ìyá mi. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo ra gbogbo ẹ̀pà tó kù lórí àtẹ rẹ̀.

Nítorí náà, bí ẹ bá wọlé, ẹ tẹ́tí sí ìlù. Àwọn alátìlẹ́yìn 3SC kì í wá láìsí ìlù àti fèrè, bó tilẹ̀ jẹ́ ogún èèyàn ni wọ́n. Ibi tí ohùn yẹn ti ń jáde ni ààyè yín. Ẹ jókòó sí ẹ̀gbẹ́ wọn, ní ìlà tó wà lókè díẹ̀, kì í ṣe àárín gan-an: ẹ máa gbádùn orin láìsí pé ẹnikẹ́ni gun ọmọ lẹ́sẹ̀. Ẹnì kan lè sọ fún yín pé kí ẹ kúkú bá àwọn alátìlẹ́yìn wá nínú bọ́ọ̀sì wọn láti Ìbàdàn. Ó dùn, mi ò jiyàn. Àmọ́ bọ́ọ̀sì yẹn, ìgbà tó bá wù ú ló ń gbéra, ìgbà tó bá wù ú ló ń padà, ohun mímu inú rẹ̀ kì í ṣe omi nìkan, orin tí wọ́n ń kọ nínú rẹ̀ sì kọjá etí ọmọ ọdún méjìlá. Kó dúró títí á fi pé méjìdínlógún.

Bí ẹ bá sì wá bá ara yín ní àárín àwọn Ìkòròdú nítorí pé ibòmíràn ti kún, kò burú. Ẹ kí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, ẹ sọ fún un pé Ìbàdàn lẹ ti wá, pé ọmọ ló ní kí ẹ mú òun wá. Ẹni tí èèyàn bá ti kí kì í rọrùn láti bú. Kí ọmọ gbé góòlù mì bó bá ṣẹlẹ̀. Kó di ọwọ́ yín mú pinpin, kó sì wo ilẹ̀. Ayọ̀ tí èèyàn gbé mì báyìí, ó máa ń dùn títí dé ilé, èmi ti dán an wò.

Kó má lọ retí pé àwọn tó mọ̀ ní Adámásingbà ló máa rí. Ní ilé wa, a máa ń sáré lọ bá wọn. Ní ilé onílé, ẹ ó rí aṣọ́lé wa tó ń so okùn bàtà rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin kí àkókò lè lọ, ẹ ó rí ẹni tí wọ́n fẹ́ pààrọ̀ tó ń rìn jáde bí ìyàwó tuntun. Ọmọ á ní kí ló dé tí wọ́n ń ṣe báyìí. Ẹ ní kó fọkàn balẹ̀. Nínú líìgì tí onílé ti máa ń borí lọ́pọ̀ ìgbà, ẹni tó bá fi ọ̀mì kúrò nílé onílé ti gbé nǹkan lọ. Èmi fẹ́ràn ọ̀mì òdo sí òdo ní ìta ju mẹ́ta sí òdo nílé lọ. Mo mọ̀ pé àìsàn ni.

Nígbà ìsinmi, ẹ pe bàbá rẹ̀ ní Kánádà lórí fídíò. Ilẹ̀ á ti mọ́ lọ́dọ̀ọ̀ rẹ̀. Kí ẹ yí fóònù sí pápá kó rí koríko, kó gbọ́ ìlù. Ìṣẹ́jú 15 kì í gùn tó báyìí.

Ó tún lè ṣẹlẹ̀ pé wọ́n á nà wá. Mo wà ní pápá ńlá Sùúrùlérè ní oṣù Kejìlá ọdún 1984, ọmọdé ni mí, èjìká ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni mo wà. IICC gbé àṣekágbá ife àwọn akọni ilẹ̀ Áfíríkà wá sí Èkó. Zamalek ti nà wá ní méjì sí òdo ní Cairo, a rò pé Èkó la ó ti san án. Ìbàdàn tú wá sí Sùúrùlérè lọ́jọ́ náà. Ẹyọ kan sí òdo ni Zamalek tún fi nà wá níbẹ̀. Bọ́ọ̀lù ìkẹyìn tí Ṣẹ́gun Odégbàmí gbá nìyẹn, ọkùnrin tó gbá méjì wọlé Algeria nínú pápá yẹn kan náà ní 1980. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ò sọ̀rọ̀ kankan títí a fi dé Ojúẹlẹ́gba. Nígbà tí a débẹ̀, ó ra ẹ̀wà àgọ̀yìn àti búrẹ́dì fún mi, ó ní kí n jẹ ẹ́ tán. Títí di òní, bí 3SC bá fìdí rẹmi, ẹ̀wà àgọ̀yìn ni mò ń wá. Tí ọmọ bá ń sunkún, ẹ má sọ fún un pé bọ́ọ̀lù lásán ni. Ẹ ra nǹkan fún un.

Ó wá ku bí ẹ ṣe máa jáde. Ẹ má jáde nígbà tó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ọmọ ò ní dárí jì yín bí góòlù bá wọlé lẹ́yìn yín. Kàkà bẹ́ẹ̀, ẹ jókòó sí ààyè yín fún bí ìṣẹ́jú ogún lẹ́yìn fèrè ìkẹyìn. Ẹ jẹ́ kí àwọn tó ń bínú lọ ṣáájú, àwọn ló máa ń yára. Ẹ̀yin ò ní mọ́tò Ìbàdàn tó ń dúró dè yín, ìdí tí mo fi ní kí ẹ sùn l'Ékòó nìyẹn. Bí ẹ bá ń lọ sí Yábàá, mọ́tò wà ní CMS àti Ọbáléndé títí alẹ́. Bó bá jẹ́ bọ́ọ̀sì BRT lẹ fẹ́ wọ̀ láti TBS (Tafawa Balewa Square), ẹ ti gbọ́dọ̀ ní káàdì Cowry lọ́wọ́ ṣáájú, wọn kì í gba owó lọ́wọ́ èrò. Kí ẹ sì rántí pé BRT tó ń gba Fádéyì àti Maryland lọ, Ìkòròdú ló ń parí sí. Àwọn tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ bá gbá bọ́ọ̀lù ni ẹ jọ máa jókòó, orúnkún sí orúnkún. Ẹ rí i pé ẹ̀wù òkè wà lọ́rùn ọmọ. Bí a bá ti borí, kó sùn tàbí kó ṣe bí ẹni tó sùn.

Lọ́jọ́ náà, bí ẹ bá ti wọlé, ẹ wo apá ibi tí àwọn àgbà Stores máa ń jókòó sí. Ẹ ó rí ọkùnrin kan tó dé fìlà gọ̀bì dúdú, ẹ̀pà á wà lórí itan rẹ̀. Kí ọmọ wá kí mi. Àmọ́ kó má dárúkọ 3SC o, torí láti bí ogún ọdún tí mo ti ń jókòó láàrin wọn, ọmọ Èkó ni wọ́n pè mí.